Ìyàwó Mi, Àlùmọ́gàjí Mi àti Aṣọ Inú Àpótí

Àlùmọ́gàjí mi mú débi pé bí mo bá ṣí i lójú oòrùn, òjìji ló máa ń gé. Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni mò ń pa, kó wá sí Ìjẹ̀bú-Igbó kó wá wo àwọn ewúrẹ́ àdúgbò wa. Bí mo bá ti ń gé aṣọ lọ́wọ́, wọn kì í gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá. Iṣẹ́ télọ̀ ni mo fi tọ́ ọmọ, òun náà ni mo sì ń ṣe títí mo fi darúgbó. Ìwé tí mo kà kò pọ̀. Ibi tí olùkọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í pín ọsàn kan sí ìdá mẹ́jọ lójú pátákó ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, nítorí lójú tèmi, ó yẹ kí wọ́n ti jẹ ọsàn náà.

Mo ti gé léèsì tí olówó rẹ̀ dúró tì mí tó ń gbọ̀n bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Mo ti gé aṣọ ìyàwó lówùúrọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó. Kò sí èyí tó bà mí lẹ́rù nínú wọn. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí mo ń wò tí kò yé mi títí ọjọ́ ogbó fi dé: kí ló dé tó jẹ́ pé aṣọ tí ènìyàn fẹ́ràn jù lọ ni kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi irin kàn? Àwọn obìnrin mẹ́ta tó ń jókòó ní ṣọ́ọ̀bù mi ló jẹ́ kí n máa ro ọ̀rọ̀ náà.

Àpò ńlá kan wà lábẹ́ tábìlì mi. Gbogbo ìrépé tó bá já bọ́ nídìí iṣẹ́, inú rẹ̀ ni mo máa ń tì í sí. Láyé àtijọ́, àwọn mẹkáníìkì ló máa ń wá bù ú láti fi nu epo ọwọ́ wọn. Nígbà tí ìyàwó mi fi ọjà títà sílẹ̀, tí jíjókòó lásán sì ń dùn ún ju ẹ̀yìn ríro lọ, ó wọ́ àpò náà sọ́dọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to ìrépé mọ́ ìrépé, ó ń rán wọn pọ̀ di aṣọ ìbora. Onírépé là ń pe aṣọ ìbora náà. Kò pẹ́ tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì fi bá a dá sí i. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni ọ̀kan, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, tó ṣì máa ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹgba wà lẹ́yìn rẹ̀. Èkejì ni Àlàájà tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì ní ṣọ́ọ̀bù kejì sí tèmi. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa ń pé jọ. Wọ́n á kó ìrépé sílẹ̀ láàárín, wọ́n á máa rán, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ àwọn tí kò sí níbẹ̀.

Kò sí ohun tí àwọn mẹ́ta yìí kò lè gé. Wọ́n gé kọ́tìnì. Wọ́n gé ṣòkòtò ọmọ ogun. Wọ́n gé aṣọ oyè àlùfáà kan tó ti gbó, olùkọ́ sì kọ́kọ́ gbàdúrà sí i kó tó gé e. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti kan aṣọ tó wà nínú àpótí tiwọn, olúkúlùkù á kọjú sí abẹ́rẹ́ rẹ̀. Olùkọ́ ní dámáàsì kan tí wọ́n fi ṣe ìdána rẹ̀. Àwọn olè ká a mọ́lé nígbà kan, ó gbé tẹlifíṣọ̀n fún wọn, ó gbé fáànù fún wọn, ó tún bá wọn gbé e dé ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n ṣáà má ṣe wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àlàájà ní fẹ́lífẹ́ẹ̀tì tó rà bọ̀ láti Mẹ́kà. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi pé ó ti pẹ́ nínú àpótí débi pé bí òun bá ṣí i, aṣọ náà máa ń wúkọ́. Èmi kọ́ ni mo pa irọ́ yẹn.

Mo bi wọ́n léèrè lọ́jọ́ kan.

"Olùkọ́, kí lẹ ń fi dámáàsì yẹn dè?"

"Mò ń dúró de ohun tó tó o."

"Bí irú kí ni?"

Ó ronú sí i. "Bí mo bá rí i, màá mọ̀ ọ́n."

Àlàájà ní, "Tèmi kò le tó bẹ́ẹ̀. Bí mo bá gé e, ohun kan ṣoṣo ló máa dà, ìró ni o, bùbá ni o. Bí n kò bá gé e, ó ṣì lè di ohunkóhun tó bá wù mí."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Mo yíjú sí ìyàwó mi. "Ìwọ ńkọ́, Ìyá wọn?"

Kò gbójú sókè. "Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín, Bàbá wọn. Aṣọ dúdú tó wà nísàlẹ̀ dúrọ́ọ̀ yín ńkọ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Àlàájà.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé. Lọ́jọ́ tí mo gba fúrídọ́ọ̀mù, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ fún mi ní aṣọ kóòtù kan, onírun àgùntàn, dúdú tó fẹ́ jọ búlúù. Ó ní kí n fi rán kóòtù àkọ́kọ́ tí màá wọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá. Àgùntàn tí wọ́n rẹ́ irun rẹ̀ fi ṣe aṣọ náà, wọ́n ní ìyàwó ọba ìlú òyìnbó fúnra rẹ̀ ló ń já koríko fún un. N kò tíì gé e. Kì í ṣe pé ẹ̀rù ń bà mí. Nígbà yẹn mo rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ jù, mo ní kí n dúró kí n sanra díẹ̀. Nígbà tí mo sanra, mo ní kí n dúró kí n fọn díẹ̀. Nísinsìnyí ara ń lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, mo sì ń wò ó bóyá yóò dúró síbì kan. Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ni. Mo ṣàlàyé èyí fún wọn dáadáa, wọ́n sì tún rẹ́rìn-ín.

Aṣọ tí ìyàwó mi kò jẹ́ gé kì í ṣe aṣọ tí wọ́n ń rà. Ìyá rẹ̀ ló hun ún ní Mákùn-Omi, nídìí òfì àwọn obìnrin, èyí tí wọ́n máa ń gbé ti ògiri. Kíjìpá ni, aró dúdú, funfun tín-ín-rín sì ń là á kọjá bí ìgbà tí omi bá ń dán láàárọ̀. Nígbà tí a bí àkọ́bí wa ni ìyá náà fi rán obìnrin kan tó ń kó ẹja gbígbẹ wá sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Ó ní kí wọ́n sọ fún ọmọ òun pé kó má fọwọ́ kàn án, òun ń bọ̀ wá bá a. Kò wá. Ikú rẹ̀ ni a gbọ́ lẹ́yìn náà. Bí aṣọ ṣe wà nínú ìdì ni ìyàwó mi ṣe gbé e sínú àpótí. Lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti dé, á gbé e jáde, á sá a sóòrùn, á pààrọ̀ kánfọ̀ rẹ̀, á sì dá a padà. Kò tú u rí. Ó ní ọwọ́ ìyá òun ló ká a bẹ́ẹ̀, bí òun bá tú u, òun kò ní mọ̀ ọ́n ká bí ìyá òun ti ká a. Èmi tí mo jẹ́ télọ̀, kò jẹ́ kí n fi ìka kàn án. Bí mo bá sún mọ́ ọn, á ní, "Ẹ ti fi ọwọ́ yẹn jẹ ẹ̀pà," bí n kò tilẹ̀ jẹ ẹ̀pà látàná.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn tí ọmọ ọmọ wa obìnrin fi parí ẹ̀kọ́ ní yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè, tí wọ́n sì pín in sí Jọ́ọ̀sì láti lọ sin ilẹ̀ baba rẹ̀. Ó sáré wá sọ fún wa. Mo sọ fún un pé òtútù Jọ́ọ̀sì kì í ṣe eré. Mo mọ ọkùnrin kan tó lọ síbẹ̀ tó kí ènìyàn ní káàárọ̀, ìkíni náà dì, ó já bọ́, ọ̀sán ni ẹni tí wọ́n kí tó gbọ́ ọ. Ó kí mi pé mo kú irọ́, ó wá jókòó ti ìyá rẹ̀ àgbà.

"Màmá, ẹ bá mi rán onírépé kan tí màá máa bò. Kí aṣọ gbogbo yín wà nínú rẹ̀. Kí ti ìyá yín náà sì wà láàárín, nítorí gbogbo yín lẹ máa ń sọ pé mo jọ wọ́n, èmi kò sì ní nǹkan wọn kankan lọ́wọ́."

Ìyàwó mi ní, "Màá fi sí i." Ẹnu rẹ̀ yá ju ọkàn rẹ̀ lọ. Mo rí i bó ṣe pa ẹnu dé lẹ́yìn náà.

Sátidé ọ̀sẹ̀ kejì ni ọmọ náà máa wọkọ̀. Àwọn mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọn kò dúró de Ọjọ́bọ̀ mọ́, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wá. Wọ́n fi aṣọ àwọn ọmọ wa sí i, wọ́n fi èyí tí mo fi ṣègbéyàwó sí i, wọ́n fi aṣọ iléèwé ọmọ náà sí i. Kíákíá ni onírépé pé, ó sì dára, àfi àárín rẹ̀ tó la ẹnu sílẹ̀. Ẹnu yẹn ni gbogbo wa ń wò.

Ìyàwó mi gbé àpótí wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé ìdì aṣọ lé orí tábìlì mi, ó sì mú àlùmọ́gàjí. Ó wò ó. Ó ní àlùmọ́gàjí kò mú. Mo pọ́n ọn. Ó di ọjọ́ kejì, ó ní ojú ọjọ́ ṣú, òun kò ríran. Oòrùn yọ, ó ní ìka ń ro òun. Olùkọ́ ní kó jẹ́ kí òun bá a gé e. Ìyàwó mi wò ó, olùkọ́ sì rántí pé òun gbé nǹkan kaná.

Mo mọ̀ pé bí Sátidé bá pé tí àárín onírépé ṣì la ẹnu, ọmọ náà á fara mọ́ ọn, á ní kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi kò ní gbàgbé rẹ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí i nígbà kan pé aṣọ dé, ẹni tó yẹ kó wá kò wá. Ọ̀tẹ̀ yìí, òun ni yóò jẹ́ ẹni tí wọ́n dúró dè. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn nìyẹn, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ni mo bá gbìyànjú ọgbọ́n kékeré kan.

"Ìyá wọn, mo rí ìyá rẹ lójú àlá. Wọ́n dúró sórí omi, bàtà wọn kò tutù. Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé kí o gé aṣọ náà."

"Ìyá mi?"

"Àwọn gan-an."

"Kí ni wọ́n pè yín?"

N kò retí ìbéèrè yẹn. "Wọ́n ní, àna mi àtàtà."

"Kì í ṣe ìyá mi nìyẹn. Ìyá mi kò fẹ́ kí n fẹ́ yín títí wọ́n fi kú. Ẹ padà lọ sùn, kí ẹ lọ wo ẹni tó ń fi yín ṣeré."

Àlàájà tó ń gbọ́ lẹ́yìn pátákó tó pààlà ṣọ́ọ̀bù wa ní òun náà yóò gbàdúrà fún mi.

Ṣùgbọ́n àlá irọ́ mi ṣiṣẹ́ lọ́nà tí n kò rò. Láàárọ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìyàwó mi wọṣọ, ó gbé àpótí. Ó ní bó bá jẹ́ pé ìyọ̀ǹda ni òun ń wá, òun mọ ẹni tó lè fún òun, òun kò nílò alálàá irọ́. Àbúrò ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé ní Mákùn-Omi, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń hunṣọ nígbà náà. A wọ mọ́tò dé Àbígi, a sì gun ọ̀kadà lọ. Mo sọ fún ọlọ́kadà pé kó rọra, ẹrù tó wà lórí itan ìyàwó mi dàgbà ju òun lọ. Ó rò pé èmi ni mò ń sọ̀rọ̀ ara mi, ó ní, "Bàbá, ẹ di mí mú."

A bá Ìyá àgbà náà níwájú ilé, wọ́n ń yan ẹja. Ìjẹ̀bú ẹsẹ̀ omi ni wọ́n fi bá wa sọ̀rọ̀, ó nípọn. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ìwé ni mo ṣe ń kọ ọ́ síhìn-ín. Wọ́n kí wa, wọ́n fún wa ní omi, wọ́n bi mí bóyá mo ṣì ń purọ́. Lẹ́yìn náà ìyàwó mi kúnlẹ̀, ó gbé ìdì aṣọ lé wọn lẹ́sẹ̀, ó ní òun wá gba àyè láti gé e.

Wọ́n nu ọwọ́, wọ́n fi àtàǹpàkò ra etí aṣọ náà. Ojú wọn yí padà.

"O kò tíì gé e?"

"Rárá, Màmá. N kò fi irin kàn án rí."

"Láti ọjọ́ tó ti kúrò nídìí òfì?"

"N kò tú u rí."

Wọ́n wò ó títí, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àgbàlagbà tí kì í ní ohùn, èjìká nìkan ló ń mì. Wọ́n gbá ìdì náà mú, kí ìyàwó mi tó lè sọ pé kí wọ́n dúró, wọ́n ti tú u.

Mo dìde. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí. Aṣọ náà kò ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sì ní òpin. Ó yí po bí ìgbànú, bí òrùka, ènìyàn lè kó sínú rẹ̀. Ibì kan ṣoṣo tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ni kò sí híhun níbẹ̀, fọ́nrán òwú lásán ló tò sí ara wọn, tí ìkángun aṣọ kan fi ń wo ìkángun kejì. Ìyá àgbà ṣàlàyé pé bí òwú ṣe ń yí òfì po nìyẹn, lókè àti nísàlẹ̀. Obìnrin á hun títí igi tí wọ́n fi ń ti òwú mọ́ra kò fi ní lè wọ àárín òwú mọ́, á yọ ọ́ kúrò, á sì gé fọ́nrán òwú yẹn kó tó lè di ìró.

"Ṣùgbọ́n nínú ilé tiwa," ni wọ́n wí, "ẹni tó hun ún kì í gé e. Ẹni tí wọ́n hun ún fún ló ń gé e. Ẹni tó hun ún á di ìkángun kan mú, yóò di ìkejì mú, ọmọ á gé láàárín. Ìdí tí ìyá rẹ fi ní kí o má fọwọ́ kàn án nìyẹn. Ó fẹ́ wá dì í mú fún ọ ni."

Ẹja ń jóná, kò sí ẹni tó yí i.

"Ohun tí ò ń tọ́jú láti ìgbà yẹn," Ìyá àgbà ní, "kò tíì di aṣọ."

Wọ́n di ìkángun méjèèjì mú. Mo yọ àlùmọ́gàjí mi nínú àpò, nítorí n kì í rìn láìmú un dání, mo sì fi lé ìyàwó mi lọ́wọ́. Fọ́nrán òwú ń já lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dún bí ìgbà tí ènìyàn bá ń já ewé tútù. Nígbà tí èyí tó kẹ́yìn já, aṣọ náà já sílẹ̀ lọ gbọọrọ, ó gùn ju bí a ṣe rò lọ. Inú ìṣẹ́po tí oòrùn kò dé rí, aró rẹ̀ dúdú bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e jáde láti inú ìkòkò. Ìyàwó mi kó ojú sínú rẹ̀. N kò mọ̀ bóyá ó ń sunkún ni tàbí ó ń gbóòórùn rẹ̀, n kò sì bi í. Nǹkan kan wà tí ènìyàn kì í béèrè.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó dé, kó tó sọ fún ẹnikẹ́ni, ó tẹ́ kíjìpá náà sórí tábìlì mi, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí i, ó sì gé àárín onírépé nínú rẹ̀. Èmi tí mo ti gé aṣọ ìyàwó lówùúrọ̀ ìgbéyàwó, ìta ni mò ń wò. Nígbà tí mo yíjú padà, ó ti ń gé ègé kejì. Inú mi dùn sí i. Mo ní, "Ọwọ́ rẹ ti yá." Ó ní, "Ó ti yá gan-an."

Ó yẹ kí n fura sí ìdáhùn yẹn.

Lọ́jọ́ Sátidé a lọ sí Àgọ́-Ìwòyè láti sin ọmọ ọmọ wa dé ibùdókọ̀. Ó tú onírépé náà sórí àpótí rẹ̀ lójú gbogbo èrò. Kíjìpá ìyá ìyá rẹ̀ àgbà wà láàárín gédégédé. Ó fi ọwọ́ pa á, ó ń pa á, ìyàwó mi náà sì ń wo ọwọ́ tó ń pa á. Mo tẹ ara síwájú kí n lè rí i dáadáa. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíjìpá náà ni mo ti rí ègé kan, onírun àgùntàn, dúdú tó fẹ́ jọ búlúù.

Mo wo ìyàwó mi.

"Ẹ máa wo ọ̀nà, Bàbá wọn. Mọ́tò pọ̀."

"Ìyá wọn."

"Ọmọ ní aṣọ gbogbo wa ni òun fẹ́."

Ọmọ náà ní, "Bàbá àgbà, èwo ni tiyín?" Mo nawọ́ sí i. Mo sì sọ ìtàn àgùntàn náà fún un, koríko àti ìyàwó ọba, títí dírẹ́bà fi ń fọn fèrè.

Nígbà tí a délé, mo ṣí dúrọ́ọ̀ láti wo ibi tó ti gé e. Mo rò pé igun ni, nítorí ìyàwó télọ̀ ni, ó mọ ibi tí wọ́n ti ń gé aṣọ tí kò ní ba nǹkan jẹ́. Àárín ni. Àárín gan-an, bí ìgbà tí ènìyàn bá fi ìka gún ẹ̀kọ. Mo tẹ́ ẹ sílẹ̀, mo wọ̀n ọ́n síwájú, mo wọ̀n ọ́n sẹ́yìn. Kóòtù kò lè jáde nínú rẹ̀ mọ́ láéláé. Ohun tó ṣẹ́kù kò ju wésíkóòtù kan, kóòtù tí kò lápá, lọ, bí mo bá sì fi í sílẹ̀ pẹ́ níbẹ̀, yóò di ti àpò ìrépé. Mo bá gé e. Ó yà mí lẹ́nu bó ṣe rọrùn tó.

Òun ni mo wọ̀ jókòó tí mò ń kọ ìwé yìí. Ooru rẹ̀ pọ̀, mò ń làágùn, ṣùgbọ́n ó bá mi mu. Olùkọ́ rí i lọ́rùn mi ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó wò mí lókè, ó wò mí nísàlẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì ó gbé báàgì kan wá sí ṣọ́ọ̀bù, ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀, mo sì rí dámáàsì tó ń dán nínú rẹ̀. Ó gbé e sórí àga, ó jókòó lé e, ó sì jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú.